Ọ̀pá Tó Ń Tẹ̀

Nídìí iṣẹ́ tiwa, igi tó bá ń tẹ̀, igi ìdáná ni. Káfíńtà ilé kíkọ́ ni mí. Èmi ni mo máa ń to ọparun sábẹ́ dẹ́kì kí wọ́n tó da kọnkéré lé e lórí. Bí ọparun kan bá tẹ̀ díẹ̀ péré nígbà tí mo bá fi èjìká tì í, mo ti jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn, n kì í bi ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n yìí ló bọ́ mi yó ní gbogbo ọdún tí wọ́n ń mú ọ̀nà ẹ̀síprẹ́ẹ̀sì Lẹ́kkí fẹ̀ sí i, tí ilé ń hù bí olú láti Jakande dé Àjáh. Ọgbọ́n yìí náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyàwó mọ́ mi lọ́wọ́.

Aránṣọ ni ọmọbìnrin náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà ní Àjáh. Ṣòkòtò iṣẹ́ tó ya nídìí ni mo gbé tọ̀ ọ́ lọ. Ó wo ibi tó ya, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ṣòkòtò mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya lemọ́lemọ́.

Bàbá rẹ̀ ni ìṣòro. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, apẹja ni wọ́n, ẹ̀yìn ilé wọn gan-an ni ọ̀sà wà. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, wọn kì í wọ bàtà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ mú àwọn èèyàn mi wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ Èkìtì," ni wọ́n wí, "ẹ̀yin lẹ̀ ń da yanrìn sómi wa, tẹ́ ẹ̀ ń kọ́lé sórí ẹ̀. Tíṣẹ́ bá parí, ẹ ó palẹ̀ mọ́, ẹ ó gba ọ̀dọ̀ òkè yín lọ. Ṣé kẹ́ ẹ wá mú ọmọ mi dání lọ ni? Ẹni tí ò mọ omi yìí, kí ló fẹ́ dúró níbí ṣe?" Wọ́n nawọ́ sẹ́yìn ilé. "Lọ mú kútà kan jáde níbẹ̀ yẹn. Ọjọ́ tó o bá mú un, káwọn èèyàn ẹ máa bọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Kútà ni ẹja ẹlẹ́nu gígùn yẹn, eléyín bí abẹ́rẹ́. Èmi sì rèé, àárín òkúta ni mo dàgbà sí, n kò mọ omi wẹ̀, ọkọ̀ ojú omi sì máa ń kọ́ mi lóòyì. Bàbá kò ní yá mi ní àwọ̀n. Mo gbìyànjú ìwọ̀ àti ekòló, ṣùgbọ́n yanrìn tí wọ́n dà sí òdìkejì ti mú kí omi ibẹ̀ fà, kò ju ìbàdí èèyàn lọ mọ́, koríko sì ti kún ìsàlẹ̀. Ìwọ̀ tí mo bá jù sí i, koríko ni mo ń fà jáde.

"Ṣé ẹ̀fọ́ lo wá já ni?" ni Bàbá máa ń bi mí.

Ọ̀gá ẹnjiníà kan ní sáìtì wa ló yọ mí. Nígbà tí wọ́n ń padà sí ìlú wọn, wọ́n fún mi ní agolo kan tó kún fún ẹja irọ́, oníke àti onígi, tí ìwọ̀ rọ̀ sí nísàlẹ̀ ikùn. Wọ́n mú ọ̀kan tí ètè rẹ̀, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tó yọ lábẹ́ ẹnu rẹ̀, kéré, wọ́n ní kíkéré ètè yẹn ni kì í jẹ́ kó rì. Bí mo bá ń fà á, á máa lúwẹ̀ẹ́ lókè koríko, kò ní jìn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Ọ̀pá nìkan ni wọn kò fún mi.

Mo gba Ṣàngótẹ̀dó lọ, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀: kẹ̀kẹ́, ọ̀pá gọ́ọ̀fù, àga oníke. Ọ̀pá ìpẹja wà nínú ẹrù rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń ká okùn lára wọn. Mo gbé ọ̀kan, mo fi orí rẹ̀ ti ògiri, ó tẹ̀ wá dé àárín. Mo ṣe ṣíọ̀ sí i. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dúdú, ó nípọn, mo fi gbogbo ara tì í, kò mira.

"Ọ̀gá, ẹ mọ ọjà o!" ni ọkùnrin náà wí, bẹ́ẹ̀ ni àfàìmọ̀ kó má jẹ́ inú ọbẹ̀ nìkan ló ti ń bá ẹja pàdé.

Mo rà á. Ní sáìtì, gbogbo wa dán an wò. Bíríkìlà kan fara tì í. Lébìrà kan fi gbé garawa. Kò tẹ̀. A fohùn ṣọ̀kan pé ọ̀pá gidi nìyí, pé a lè fi ti dẹ́kì bó bá dọ̀la.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo dúró lórí afárá pákó ẹ̀yìn ilé Bàbá. Mo ju ẹja irọ́ náà, ó ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ lókè koríko bí ọ̀gá ṣe wí. Lójijì omi hó, ẹja gbá a mú! Mo fà á bí ẹni ń fa ìṣó yọ. Ìwọ̀ fò jáde lẹ́nu ẹja, ó kọjá létí mi fìn-ín, ó lọ há sára aṣọ tí Bàbá sá. Ó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó tún ṣẹlẹ̀. Bàbá ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi àgbọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ẹja ò bínú sí ẹ o," ni wọ́n wí. "Ó kàn ń kí ẹ, ó ń lọ ni."

Mo fi ìbínú gba ọ̀dọ̀ ọmọ wọn lọ. Ó ní kí n fi bí mo ṣe ń fà á han òun. Mo fà á. Ó nawọ́ sí kókó kékeré tó ń di òwú mú lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ṣó o rí tẹ́ńṣọ̀n yìí? Tí mo bá tì í le jù, òwú á já. Tí mo bá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á máa rán an jẹ́jẹ́. Ọ̀pá tìẹ ò dẹ̀ rárá. Ẹja ò tíì panu dé tó o ti já a gbà lẹ́nu ẹ̀. Abẹ́g, lọ wá èyí tó rọ̀."

"Ṣé ẹja fẹ́ rán ṣòkòtò ni?" ni mo fi dá a lóhùn.

Kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi ò ní yí ọ̀rọ̀ wọn padà," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀. "Mi ò fẹ́ kó o lọ."

Ìbínú mi rọlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin yẹn débi pé àyà mi ń dùn mí. Mo padà sí Ṣàngótẹ̀dó.

Ọkùnrin tòkunbọ̀ gba ọ̀pá dúdú, ó gbé èyí tí mo ṣe ṣíọ̀ sí fún mi. Lọ́tẹ̀ yìí n kò fi ti ògiri. Mo so ẹja irọ́ mọ́ okùn rẹ̀, mo mì í. Orí rẹ̀ ń jù jẹ́jẹ́, ìtẹ̀ náà ń sọ̀ kalẹ̀ wá dé àárín, ìdí rẹ̀ nìkan ló dúró gírí lọ́wọ́ mi. Kò gùn jù, ìyẹn náà dára, nítorí afárá Bàbá kò ga, ọ̀pá gígùn á kàn máa gbá omi ni. Síbẹ̀, lójú mi, nǹkan tí kò lè gbé pákó kan dúró ni. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú mìíràn dé. Nígbà tí ẹja gbá a mú, mo fà á pẹ̀lú ìwàǹwára mi àtijọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló gba ìwàǹwára náà, kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ẹja. Ó tẹ̀, ó tún tẹ̀, orí rẹ̀ kan omi. Ẹ̀rù bà mí. Lójú káfíńtà, ohun tó bá tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ń wó bọ̀ ni. Mo nawọ́ di àárín rẹ̀ mú kí n lè gbé e dúró.

"Fi í lẹ̀! Yọwọ́ níbẹ̀!"

Bàbá ni. Wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Wọ́n ká sùtánà dé orúnkún, wọ́n sáré gun afárá. "Jẹ́ kó tẹ̀! Bó ṣe ń tẹ̀ yẹn ló ń mú un!"

Mo yọwọ́. Ọ̀pá ń tẹ̀, ó ń nà, ó tún ń tẹ̀, bí ọmọ tó ń kí àgbà. Ẹja sá wọ koríko, ó sá jáde, ó rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó súnmọ́ tòsí, Bàbá bọ́ sómi tòun ti sùtánà, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé kútà náà sókè.

Mo rò pé ẹja ni wọ́n á máa wò. Ọ̀pá ni wọ́n ń wò. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n mì í, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún mì í.

"Igi yìí gbọ́n jù ẹ́ lọ," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní káwọn èèyàn mi máa bọ̀. Mo sunkún lórí afárá yẹn, n kò sì fi pamọ́. Ọ̀pá náà kò padà sọ́wọ́ mi mọ́.

Àwọn ẹbí mi ti Èkìtì wá pẹ̀lú iṣu àti epo, a jókòó sí pálọ̀ Bàbá. Alága ìdúró sọ̀rọ̀, alága ìjókòó fèsì. Nígbà tó kan kí wọ́n bi bàbá ìyàwó bóyá wọ́n gbà, àga wọn ṣófo. Àga bàbá mi náà ṣófo. A yọjú lójú fèrèsé. Àwọn méjèèjì wà lórí afárá: bàbá mi, tí kò rí ọ̀sà rí, gbé agolo ẹja irọ́ dání, Bàbá di ọ̀pá mú, ó ti tẹ̀ bí ọrun.

Alága kígbe láti ojú fèrèsé, ó ní ẹbí ọkọ ń dúró de ìdáhùn. Bàbá kò yíjú.

"Mo ti gbà!" ni wọ́n wí. "Ẹ dín ariwo kù, ẹja wà níbí."