Dùùrù Tí Kò Dún

Lánàá, ọmọ mi ń gbọ́ orin Faransé kan lórí fóònù. Ẹnu mi ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò gbọ́ ohùn orin náà rí.

Àǹtí tó ń kọ́ wa lórin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ náà nígbà tí a wà lọ́mọdé nílẹ̀ Hausa, nílé rẹ̀ lẹ́yìn France Road. Ó ní olórin ayé àtijọ́ kan ló fi ewì ẹlòmíì ṣe orin, nítorí náà ká kọ́kọ́ ka ewì náà títí yóò fi yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu. Ìgbà yẹn lòun máa tó tẹ dùùrù, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ fún ní afẹ́fẹ́ kó tó dún.

Bó ṣe jókòó sídìí rẹ̀ ni a gbọ́ tí àwọn onísọ́ọ̀bù ń ti ilẹ̀kùn irin wọn kíákíá. Òórùn táyà tó ń jóná wọlé láti àdúgbò Noman's Land.

"Àǹtí, me ya faru?" Mo fi Hausa bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ máa wo ọwọ́ mi."

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ń tẹ̀ fún afẹ́fẹ́, ó ń tẹ dùùrù náà láìdún. Ètè rẹ̀ ń pe ọ̀rọ̀ orin, tiwa ń tẹ̀lé e. Àwọn kan sáré kọjá lójú fèrèsé. Ojú Àǹtí ò kúrò lára ilẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sí ọjà Yankaba láàárọ̀.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé nínú ewì náà, obìnrin kan ló ń bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó tètè wálé.

"Mọ́mì, ṣé ẹ mọ orin yìí ni?" ọmọ mi bi mí lánàá.

Mo ní kó dín ohùn rẹ̀ kù, mo sì lọ wò ó bóyá mo ti ti ilẹ̀kùn.