Àwòrán Tí A Yà Láti Ìsàlẹ̀

Kò sí ohun tí Mukai Sawako ò lè fi ṣàníyàn. Ilé ìdáná ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú Sakai ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Tó bá se ọbẹ̀ míso fún àwọn ọmọ, á tọ́ ọ wò, á tún un tọ́ wò, á tún ní kí ẹlẹgbẹ́ òun wá bá òun tọ́ ọ wò. Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó tó kan àwọn ọmọ, ìkòkò á ti gbẹ. Sawako á rẹ́rìn-ín, á sì tún bu díẹ̀ sí ṣíbí.

Tó bá délé ní ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ mìíràn ló ń dúró dè é. Ó wà lára àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn to kọ̀ǹpútà irú èyí tó wà láyé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, èyí tí gbogbo ayé ti sọ nù. Ẹ lè ní kí ni wọ́n ń rí níbẹ̀. Ẹni tó ń sin ẹja wúrà náà kì í jẹ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ lọ́gbọ́n lórí, ṣùgbọ́n kò lẹ́nu tó fi ń bá ará ìta sọ̀rọ̀. Ẹnu yẹn ni Sawako ń ṣe fún un: pátákó pẹlẹbẹ kan tí èèyàn á kì bọ ojú ihò ẹ̀rọ náà. Ó ní ojú kan tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí èèrà tó tò, ó tún ní òmíràn tí mẹ́jọ ń gbà jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Òun ló ń ya gbogbo ọ̀nà tí iná ń gbà lórí pátákó, òun náà ló ń fi lẹ́ẹ̀dì jó ẹsẹ̀ àwọn áísì, àwọn èròjà kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ, mọ́ ọn. Nínú ẹgbẹ́ wọn, bí pátákó bá ti ọwọ́ Sawako wá, ọkàn oníǹkan balẹ̀. Ọkàn Sawako nìkan ni kì í balẹ̀.

Ẹni tó gbẹ̀yìn bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ni Tokunaga Eiji, bàbá arúgbó kan ní Gobo létí òkun, tó fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tún iná ojú irin réluwéè ṣe. Ẹ̀rọ tí bàbá yìí tò kò ní gíláàsì tí a fi ń wòran. Fèrèsé kékeré kan ló ní, tí nọ́ńbà pupa mẹ́jọ ń tàn níbẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ Tokunaga ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọ ní ayò ṣógì. Bàbá á ta tirẹ̀ lórí pátákó ayò onígi, á tẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀rọ, nọ́ńbà pupa á sì fi ibi tí ẹ̀rọ fẹ́ ta sí dáhùn. Ní báyìí, ẹ̀rọ ti ń borí ọ̀gá rẹ̀. "Ó tún nà mí lánàá," ni Tokunaga máa ń sọ fún ẹgbẹ́, tí inú rẹ̀ á máa dùn bíi ti ẹni tọ́mọ rẹ̀ yege ìdánwò.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo ohun tí ẹ̀rọ yìí mọ̀, inú rẹ̀ nìkan ló wà. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbà á sí tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́, kò ṣeé lò mọ́. Bátìrì kékeré kan ló ń bọ́ ọpọlọ rẹ̀ kó má baà gbàgbé, bátìrì náà sì ti ń rẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ní àrùn rọpárọsẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ òsì rẹ̀ ò lágbára mọ́. Ó ní kí Sawako bá òun ya pátákó kan tí ayò náà á gbà jáde, kó lè wà níbòmíràn pẹ̀lú. Ó fi àwòrán ojú ihò ẹ̀rọ ránṣẹ́, ó fi fọ́tò rẹ̀ kún un. Nítorí bátìrì yẹn, Sawako sáré ṣe é, ó sì fi í ránṣẹ́ ní ọjọ́rú.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó fẹ́ kó ìwé iṣẹ́ náà pamọ́, ló bá gbé àwòrán sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Nínú fọ́tò, igun tí wọ́n gé lára ojú ihò náà wà ní ọ̀tún. Nínú àwòrán, òsì ló wà. Ó yí fọ́tò po, ó yí àwòrán po, ó tún yí wọn padà. Wọn ò bára mu síbẹ̀.

Àwọn àgbà bíi Tokunaga, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa wáyà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n á da pátákó dojú bolẹ̀, ìdí rẹ̀ ni wọ́n á máa wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá máa ya ohunkóhun, bó ṣe rí láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń yà á. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn, tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán bíi Sawako, òkè ni wọ́n ti ń wò ó. Bàbá ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìsàlẹ̀ ni, torí lójú tirẹ̀ kò síbòmíràn tí èèyàn tún ń wò. Sawako náà ò béèrè. Obìnrin tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta ò béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ohun tó yẹ kó wà lọ́tùn-ún ló ti bọ́ sósì. Bí bàbá bá ti pátákó náà bọ ẹ̀rọ tó sì tanná, ibi tí iná ò gbọdọ̀ dé ló máa gbà wọlé, ọpọlọ ẹ̀rọ náà ló sì máa kọ́kọ́ jó. Ó yẹ kí pátákó ti dé Gobo lánàá. Sawako pe fóònù bàbá, ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Tokunaga kì í fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sétí nínú ilé.

"Ta ló kú?" ìyá Sawako béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá."

"Kí ló dé tí o fi wọ bàtà gun orí ẹní?"

Sawako wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Òótọ́ ni. "Pátákó Tokunaga-san ni. Òdì ni mo yà á. Tó bá ti tì í bọ ẹ̀rọ ẹ̀, ayò yẹn ti run nìyẹn."

"O sì fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfìfo? Ra yókan lọ́nà."

"Màmá, ẹ̀bẹ̀ ò tíì kàn. Ó lè má tíì ṣí i."

"Tó bá ti wá ṣí i ńkọ́? Èyí tó wúwo ni kó o rà. Ẹ̀bẹ̀ ńlá, àkàrà dídùn tó fúyẹ́ ò ṣeé gbé lọ síbẹ̀. Bọ́ bàtà yẹn ná, o ti ba ẹní mi jẹ́."

Nínú réluwéè, ara rẹ̀ ò lélẹ̀. Ó gbé àpótí yókan, ẹ̀wà pupa onísúgà tí wọ́n sè dì, sórí itan, ó wúwo bí òkúta. Ó ń gbàdúrà tí kò yẹ kí ọmọlúàbí gbà: kí òtútù ti mú bàbá, kó ti sùn látàná, kí ọ̀lẹ gbé e dè. Ní Wakayama tó ti wọ ọkọ̀ mìíràn, ó tún pe fóònù, ó tún dún lásán. Àwọn òkè ọsàn ń kọjá lójú fèrèsé, kò rí wọn. Kí ọkọ̀ tó dé Gobo, ó ti bá ara rẹ̀ pinnu pé òun ò ní ya pátákó mọ́ láyé òun. Kóun máa se ọbẹ̀. Ọbẹ̀ tó bá níyọ̀ jù ṣeé fomi là.

Sawako gbá ilẹ̀kùn kíkankíkan kí Tokunaga fúnra rẹ̀ tó wá ṣí i, tó ń fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sétí. Ó wọ ẹ̀wù òtútù nínú ilé.

"Háà, Mukai-san. Ṣé kò sí láburú?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Tokunaga-san, pátákó tí mo fi ránṣẹ́, ẹ ti lò ó?"

"Pátákó wo? Áà, ìyẹn. Mi ò tíì ṣí i o. Arúgbó ò kánjú. Wọlé, jẹ́ n po tíì."

Sawako dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé. Páálí rẹ̀ wà lórí tábìlì lóòótọ́, ó wà ní dídì. Ṣùgbọ́n ilé náà tutù nini. Oṣù kejì ọdún ni, fèrèsé sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó wo páálí náà dáadáa. Téèpù aláwọ̀ ilẹ̀ ló fi dì í ní Sakai. Èyí tó wà lára rẹ̀ yìí funfun, ó sì wọ́, bí iṣẹ́ ẹni tí ọwọ́ kan ṣoṣo ń ràn lọ́wọ́. Ìgbà náà ló tó gbọ́ òórùn náà, òórùn áísì tó jó, tí atẹ́gùn ò tíì gbé lọ tán.

"Tokunaga-san," ló wí, "ẹ ti tanná sí i."

Bàbá gbé ife tíì kalẹ̀. Kò jiyàn. "Lánàá ni. Ó ṣe fìì báyìí, ó tán."

"Ṣé ẹ kọ́kọ́ fi mítà wọn iná rẹ̀?"

"Tàwọn yòókù, mo máa ń wọn ọ́n. Tìẹ, mi ò wọn ọ́n. Ta ló ń wọn tìẹ?"

Sawako kúnlẹ̀, ó forí kan ilẹ̀. Ó fẹ́ sọ gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó ti kó jọ nínú ọkọ̀, ẹkún ló jáde. Nígbà tó ṣe, ó dìde, torí bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ó ṣí ẹ̀rọ náà, ó yọ àwọn áísì tó ti jó, ó fi tuntun inú àpò rẹ̀ rọ́pò wọn. Ó tanná. Fèrèsé pupa tàn. Ó wo inú ọpọlọ ẹ̀rọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bákan náà ni gbogbo ojúewé rẹ̀ rí, bí ilé tí wọ́n kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀.

"Ó ti lọ," ló sọ. "Kò ku ẹyọ kan."

Tokunaga mi orí. "Kí lo wá fẹ́ ṣe báyìí?"

"Mi ò ní ya pátákó mọ́."

"Ohun tó jẹ́ kí n tún páálí yẹn dì nìyẹn. Mo mọ̀ ẹ́." Bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún wọ́ pátákó ayò sáàárín wọn. "Jókòó dáadáa. Àwọn nọ́ńbà yẹn, mi ò rántí ọ̀kankan. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ní kó ta báyìí, kó má ta báyẹn, ìyẹn wà lórí mi. Màá máa sọ ọ́ fún ẹ, ìwọ á máa wá nọ́ńbà rẹ̀. Kó o sì ya pátákó mìíràn, kó lè ríbi gbà jáde lọ́tẹ̀ yìí."

"Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣe é, Tokunaga-san. Mo sáré ṣe ti àkọ́kọ́."

"Má fara balẹ̀," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Lánàá, lẹ́yìn tó jó, mo ń wá orúkọ àbúrò mi nínú orí mi. Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó rí i."

Ẹ̀rù tí Sawako gbé wá láti Sakai ò kúrò lára rẹ̀. Ó kàn yí ojú síbòmíràn ni. Ó fa tábìlì mọ́ra, ó dìde ti fèrèsé, ó sì mú kálámù.

"Ẹ máa sọ ọ́," ló wí. "Kí ni ẹ̀rọ yẹn kọ́kọ́ máa ń wò?"