Ẹni Tó Ń Bá Mi Sáré Létí Ọ̀sà Bàrígà

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè é ní irọ́. Èmi tó ṣojú mi mọ̀ pé kò sí àbùmọ́ níbẹ̀.

Yàrá kan ni mo ń gbé ní Bajulaiye, èmi nìkan. Tíṣà ni mí lójú ọ̀sán. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ másításì ní yunifásítì. Tí mo bá délé, ìwé tún ni. Dókítà wá ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru, pé kí n máa ṣe eré ìdárayá. Ìgbà wo? Àfi kí n bù ú nínú oorun tó kù. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nídàájí nìyẹn, láti ilé, gba Pedro, títí dé etí ọ̀sà ní Bàrígà.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo máa ń tòògbé bí mo ṣe ń sáré.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ń fẹ́, mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Obìnrin ni, a ò ní ju ara wa lọ lọ́jọ́ orí. Ó rọra ní:

"Ṣé o rí oorun sùn?"

Díẹ̀ ló kù kí n sunkún. Látìgbà tí mo ti kó dé àdúgbò yẹn, ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

"Kò tó," ni mo wí.

"Mo mọ̀."

Látọjọ́ náà ló ti ń dúró dè mí ní Pedro. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mi ò béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá béèrè jù, kò ní wá mọ́, òun nìkan sì ni ẹlẹ́gbẹ́ tí mo ní.

Èmi á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Òun ò mí rárá. Mo rí i, mo sì gbójú kúrò.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, mi ò fojú kan oorun. A dé etí ọ̀sà, àmọ́ kò yà padà bó ṣe máa ń ṣe. Ó ń lọ níwájú.

"Ibùsùn wà lọ́dọ̀ mi," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Kò sí ìwé níbẹ̀. Wá sùn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn yẹn dùn létí mi. Mo ní, "Mò ń bọ̀," mo sì tẹ̀ lé e.

Màmá arúgbó kan tí wọ́n ń kó ẹja nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ló pariwo: "Ìwọ ọmọ yìí! Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ nínú omi?"

Mo wo ara mi. Omi ti dé àyà mi. Kò sí ẹnì kankan níwájú.

Màmá fà mí jáde, wọ́n fi ìborùn wọn bò mí. Wọ́n ní jẹ́jẹ́: "Ṣé ó ní kí o wá sùn ni?"

Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún wọn o.

"Ẹ mọ̀ ọ́n, mà?"

Wọ́n mi orí, wọ́n wo omi. "Ìwọ kọ́ ló kọ́kọ́ pè. Máa lọ sílé, ọmọ mi. Má bojú wẹ̀yìn."

Mo ti dá ẹ̀kọ́ náà dúró fún sáà kan. Mo ń sùn. Ọ̀sán ni mo ń ṣeré ìdárayá báyìí, nínú ọgbà ilé ìwé wa, láàárín àwọn ọmọ. Síbẹ̀, nídàájí, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀, á sì dúró lábẹ́ fèrèsé mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé, láwọn ọjọ́ kan, ó ń ṣe mí bíi kí n ṣílẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi oorun ra ìwé, ẹ gbọ́ o: bí oorun bá pè yín, inú ilé ni kí ẹ ti dá a lóhùn.