Ọjọ́ Tí Mo Kúnlẹ̀ Tí Mi Ò Lè Dìde

Mo rántí ìgbà tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, tí mo ń dá bàtà lẹ́bi. Aṣọ ni mo ń tà ní Ọjà Ọba ní ìlú Bìní, Iyaro la sì ń gbé. Bí mo bá rìn díẹ̀, orúnkún mi á máa yẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ mi á kú bíi pé kì í ṣe tèmi. Mo ra bàtà pẹlẹbẹ, mo ra èyí tó ní tìmùtìmù, ẹsẹ̀ ò gbọ́. Ọgbọ́n mi nígbà náà ò kọjá bàtà. Nígbà tó yá, ìtọ̀ ò tètè jáde mọ́, àmọ́ ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ẹ̀yìn ríro nìkan ni mo sọ fún dókítà àkọ́kọ́ tí mo rí, oògùn ẹ̀yìn ríro náà ló sì fún mi.

Ìgbà yẹn ni ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ìbàdàn. Bí wọ́n ṣe wọlé ni mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ò dá mi lóhùn. Ìyá rò pé àdúrà ni mo ń dúró gbà, ni wọ́n bá gbọ́wọ́ lé mi lórí. Wọ́n ṣe é fún ọjà mi, wọ́n ṣe é fún ọkọ mi, wọ́n tún ṣe é fún àwọn ọmọ tí mi ò tíì bí. Mo ń ṣe àmín, òógùn ń bò mí. Nígbà tó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n ní, "Ó tó, ọmọ mi. Dìde."

"Màmá, mi ò lè dìde."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin mi, tó gbọ́ Yorùbá àmọ́ tí kì í fi dáhùn, ló là á yé wọn: "Grandma, her leg no gree."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní kí n má fi nǹkan kan pamọ́. Mo sọ ti ìtọ̀. Dókítà gbé bírò sílẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ ya àwòrán ẹ̀yìn mi. Nígbà tí àwòrán náà jáde, dókítà fi iṣan ẹ̀jẹ̀ kan hàn wá nínú rẹ̀, tó lọ́ bí òwú tó ta kókó.

Ó ní, "Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ ti so mọ́ èyí tó ń gbé e padà, níbi tí kò yẹ. Ẹ̀jẹ̀ ń ya wọ ibẹ̀ tagbáratagbára, ó sì ń fún mùdùnmúdùn tó wà nínú eegun ẹ̀yìn yín pa. Bí a bá fi í sílẹ̀, ẹ ò ní rìn mọ́."

Wọ́n ki rọ́bà tín-ín-rín gba itan mi láti wá ojú ibẹ̀ gan-an, lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n gé ìsopọ̀ náà. Dókítà ò ṣèlérí pé agbára àti ìmọ̀lára tó ti lọ lẹ́sẹ̀ mi máa padà. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ń fi omi nu ẹsẹ̀ mi lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, omi yìí tutù."

Ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n tún bu omi sí i. "Ẹsẹ̀ wo ni mo dà á sí?"

"Ọ̀tún."

Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n sunkún. Èmi ń rẹ́rìn-ín.

Mo ti ń rìn báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ òsì máa ń lọ́ra. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jà, tí ẹnì kan ta omi sí mi lẹ́sẹ̀, á máa bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún wọn pé inú mi ń dùn.