Wákàtí Kan tí Ọládèjì Fi Ṣáájú Lomé

Ìtàn tí gbogbo wa kọ́kọ́ máa ń sọ nípa Ọládèjì ni ti ọjọ́ Ajé tí Màmá Ẹfúnróyè dé ọ́fíìsì ara rẹ̀ ní Akodessewa ní Lomé, tó sì bá àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Oòrùn ṣì mú gan-an. Iṣẹ́ ọ́fíìsì náà ni láti máa bá àwọn oníṣòwò ṣe ìwé ẹrù wọn ní èbúté, oníbàárà ńlá kan tó ń kó táyà wọlé ló sì tẹ̀ lé Màmá wá lọ́jọ́ náà. Màmá fẹ́ fi ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò sí ọ́fíìsì hàn án.

Ó kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ló bá pe Ẹ̀rínọlá, akọ̀wé rẹ̀, lórí fóònù. Ẹ̀rínọlá ti wà lẹ́yìn ọlọ́kadà zémi, ó kù díẹ̀ kó dé ilé rẹ̀ ní Totsi.

“Ẹ káàsán, Màmá. Aago márùn-ún ti lù, a ti ṣíwọ́.”

Màmá gbójú sókè wo oòrùn. “Ní ìlú wo?”

Ìbéèrè yẹn ló gbé Ọládèjì dé ẹnu gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Lomé. Títí di òní, bí ẹnì kan nínú wa bá tètè dé ibi ìpàdé, a máa bi í pé ìlú wo ló ti ń bọ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí a ti sin Ọládèjì. A ṣì ń béèrè, a ṣì ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu mọ́, nítorí ẹni tí ì bá bínú sí wa kò sí níbẹ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ó lo ọdún mọ́kàndínlógún ní Lomé, kò sì yí aago ọwọ́ rẹ̀ sí ti ìlú náà lọ́jọ́ kan. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú ti Togo. Ẹni tó bá ti gba ẹnubodè Hilakonji wọlé lẹ́ẹ̀kan mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù á ti yí tiwọn padà kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọládèjì ní òun kò wá sí Togo wá sọ wákàtí kan nù. Bí o bá bá a ṣe àdéhùn aago mẹ́wàá, aago mẹ́sàn-án ló máa dé, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ, nígbà tí o bá sì jáde sí i, á wò ọ́ bí ẹni tó pẹ́.

Iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ ni kó tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó há bébà mọ́nú ṣe, kó fa wáyà kiri yàrá, kó sì bú ẹni tó fa wáyà tó bá níbẹ̀. Ó mọṣẹ́ náà, ẹ̀tàn kọ́. Ṣùgbọ́n ó dùn ún pé “bàbá onítẹ̀wé” ni wọ́n ń pè é. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá iṣẹ́ kan tó máa pa orúkọ yẹn rẹ́.

Iṣẹ́ náà dé nígbà tí ó sú Màmá Ẹfúnróyè kí wọ́n máa gbé fáìlì láti tábìlì kan sí òmíràn. Kọ̀ǹpútà méje ló wà ní ọ́fíìsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá tirẹ̀ ṣe. Màmá fẹ́ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá kan tí gbogbo fáìlì máa wà nínú rẹ̀, tí àwọn méje yòókù á sì máa gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láràárọ̀ kí òṣìṣẹ́ tó lè wọlé síṣẹ́. Ó fẹ́ pe ilé iṣẹ́ kan láàárín ìlú. Ẹ̀rínọlá ló ní kó dúró, pé òun mọ ẹnì kan.

Ojúlé kan náà ni Ẹ̀rínọlá àti Ọládèjì ń gbé ní Totsi. Ìgbà tí ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, tí kò gbọ́ Faransé kankan, Ọládèjì ló ń mú un kiri bí àbúrò rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tó gbé ìròyìn iṣẹ́ náà wá fún un, inú Ọládèjì dùn títí, kó tó di pé ó rẹ ohùn sílẹ̀ tó ní òun kò tíì to sáfà rí, ṣùgbọ́n òun ti ka gbogbo ohun tó wà nípa rẹ̀. Ẹ̀rínọlá kò sùn dáadáa lóru yẹn. Oṣù kẹrin rẹ̀ nìyẹn lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ṣì ń dán an wò ni, Màmá sì ti sọ ọ̀rọ̀ kan fún un.

“Ìwọ lo mú un wá,” ni Màmá wí. “Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá mọ́ tí àwọn èèyàn mi ò rí iṣẹ́ ṣe, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ lọ.”

Ọládèjì bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó to sáfà, ó fún un lórúkọ, ó fi aago sí i, gbogbo rẹ̀ lọ geere. Ó wá dé ìdí àwọn kọ̀ǹpútà méje, ó ní kí wọ́n wá sáfà wọn lọ. Wọn kò rí i. Yàrá kan náà ni wọ́n wà, wáyà kan náà ló so wọ́n pọ̀, àmọ́ àwọn kọ̀ǹpútà náà ta kú pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà rẹ̀ kan fún yín níbí. Bí ohun kan bá rú u lójú, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i níbi tó ti ń wá ìdáhùn lórí fóònù. Ilé ìgbẹ́ ló máa ń lọ. Kí ọ̀sán tó pọ́n lọ́jọ́ náà, ó ti lọ lẹ́ẹ̀mẹfà. Félicien, ọmọ Atakpamé tó ń gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù, ń kà á lọ́kàn ara rẹ̀, àánú sì ṣe é. Ó jáde, ó lọ bá ìyá kan ra àgbo inú rírun, ó gbé e wá nínú ife.

“Tonton, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mu èyí,” ni Félicien wí. “Ìyá mi ló máa ń fún wa.”

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú Ọládèjì: kó jẹ́wọ́ pé kò sí ohun tó ṣe inú òun, tàbí kó mu àgbo. Ó mu ún tán. Láti ìgbà yẹn, òótọ́ ni gbogbo ìrìn tó ń rìn lọ sílé ìgbẹ́.

Ibẹ̀ náà ló ti rí ìdáhùn. Ó jáde wá, òógùn bò ó, ó sì kó wọn jọ kó lè ṣàlàyé. Ó ní àpótí kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì kiri yàrá ni àwọn kọ̀ǹpútà ń bi léèrè ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ àlejò ni àpótí yẹn, kò mọ ẹnì kankan nínú ilé. Ọ̀dọ̀ sáfà gan-an ló yẹ kí wọ́n ti máa béèrè sáfà. Ó yí i bẹ́ẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn ti rí i.

Rírí ni, wọn kò tíì wọlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Ọládèjì tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé síwájú kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà náà sì kọ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ gígùn kan jáde lédè Faransé. Faransé Ọládèjì kò kọjá ti ọjà, nítorí náà Ẹ̀rínọlá, tó ti wá gbọ́ ọ ju Ọládèjì fúnra rẹ̀ lọ, ló kà á fún un. Ó ní ẹ̀rọ náà ń sọ pé aago sáfà àti aago kọ̀ǹpútà kò bára mu.

Ọládèjì wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wo aago tó fi sí sáfà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ẹ̀rínọlá rọra ní, “Bọ̀dá Dèjì, aago Lomé ló wà lójú àwọn méje yìí o.”

“Àwọn méje ni wọ́n ṣìnà,” ni Ọládèjì wí. “Àgbà ni sáfà. Ọmọdé kì í kóra jọ kí wọ́n sọ àgbà di òpùrọ́.”

Ó dìde, ó sì sún aago kọ̀ǹpútà méjèèje síwájú ní wákàtí kan. Ó tẹ orúkọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ṣí. Ìkejì ṣí. Nígbà tí ìkeje ṣí, Ẹ̀rínọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ọjọ́ méjì ló ti ń rò ó bí òun ṣe máa kó ẹrù òun. Bí Ọládèjì bá ní ìlú Mẹ́kà làwọn wà lọ́jọ́ náà, kò ní jiyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo òṣìṣẹ́ wọlé síṣẹ́ wẹ́rẹ́. Màmá Ẹfúnróyè yin Ọládèjì lójú gbogbo ayé. Bí orí ọkùnrin náà ṣe wú nìyẹn, tó kéde pé láti òní lọ, sáfà ni yóò máa fún ilé ní aago. Màmá bá ní kí wọ́n yọ aago ara ògiri kúrò. Òfin sì ti wà tẹ́lẹ̀ pé inú apẹ̀rẹ̀ ẹnu ọ̀nà ni fóònù gbogbo èèyàn ń wà títí di ìgbà tí wọ́n bá ṣíwọ́. Bí Màmá ṣe jáde lọ sí èbúté, kò ku aago kankan ní ọ́fíìsì yẹn tó mọ Lomé.

Nígbà tí aago méjìlá lu lójú kọ̀ǹpútà, obìnrin tó ń gbé ayimolou wá fún wọn lọ́sàn-án, ìyẹn ìrẹsì òun ẹ̀wà, kò dé. Félicien jáde lọ bá a, ó ní kí ló dé tó fi ń fi ebi pa àwọn. Obìnrin náà wò ó tìyanutìyanu. Nígbà tí aago márùn-ún lu, wọ́n palẹ̀ mọ́. Félicien rí i lójú fóònù rẹ̀ bó ṣe mú un nínú apẹ̀rẹ̀ pé aago mẹ́rin ni. Ó ti fóònù náà bọ àpò. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè lẹ́yìn náà, ó ní ta ni òun tí òun á máa bá sáfà jiyàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò rọrùn. Màmá pe Ọládèjì àti Ẹ̀rínọlá sí yàrá rẹ̀, kò ní kí wọ́n jókòó. Oníbàárà táyà ti lọ, ó sì ti rẹ́rìn-ín kó tó lọ. Ọládèjì, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí pé òun ṣe àṣìṣe, ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì.

“Màmá, èmi ni mo ṣe é. Ọmọ yìí kìlọ̀ fún mi pé aago mi kò bá ti Lomé mu, mi ò gbọ́. Tó bá jẹ́ lílé lẹ fẹ́ lé èèyàn, èmi ni kẹ́ ẹ lé.”

Màmá wò ó títí. Ó ní kó dìde, kó lọ tún un ṣe kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó sì ní kí Ẹ̀rínọlá padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò gba Ọládèjì ju ogún ìṣẹ́jú lọ, sáfà àti àwọn méje bọ́ sí aago Lomé, gbogbo wọn sì ṣí. Màmá wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó bi í pé aago ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́.

Ọládèjì fi ọwọ́ sẹ́yìn. “Màmá, ìyẹn kò sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín.”

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù ni Ẹ̀rínọlá tó gbójúgbóyà bi í ní ìdí tí kò fi ń yí aago ọwọ́ náà. Ọládèjì ní ìyá òun máa ń jókòó síta ní Ìsẹ́yìn ní aago méje àárọ̀, òun sì fẹ́ mọ ìgbà tó bá jókòó. Ọdún kẹfà nìyẹn tí ìyá náà ti kú.

Ọdún mẹ́rin gbáko ni Ọládèjì fi ń wá wo sáfà náà ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ó ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí sáfà tó jí. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, àmọ́ ẹni tó bá rú òfin náà kì í rí fáìlì rẹ̀ ṣí. Ó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara ẹ̀rọ náà bí ẹni ń wo ibà lára ọmọ, á sì ní ó dáa, ara rẹ̀ le. Ara tirẹ̀ ni kò le, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà òjò ọdún tó kọjá, ọjọ́ Ẹtì kan dé, kò kan ilẹ̀kùn. Ọjọ́ Àìkú ló kú. Wọ́n gbé e lọ sí Ìsẹ́yìn, Ẹ̀rínọlá bá wọn lọ. A ṣàárò rẹ̀ o. Ìwọ̀sí rẹ̀ pàápàá, a ṣàárò rẹ̀.

Oṣù tó kọjá ni Màmá mú ẹlòmíràn wá láti máa bójú tó sáfà. Àyàndá lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin tó ti Èkó wá, Avépozo ló ń gbé. Ó mọṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì tutù. Ó ń ka orúkọ gbogbo ẹni tó láṣẹ láti wọlé, ló bá dé orí èyí tó ní àṣẹ jù lọ.

“Ọládèjì yìí kò wọlé láti oṣù mẹ́rìnlá,” ló wí. “Ṣé ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ni?”

Félicien dìde, ó bọ́ síta. Ẹ̀rínọlá ló sọ ọ́ fún un. Àyàndá kí i kú àṣẹ̀yìndè, ó sì ní kò sí bí òun ṣe máa ṣe é, àfi kí òun pa orúkọ náà rẹ́. Kọ́kọ́rọ́ tí olówó rẹ̀ kò sí mọ́, ọ̀nà olè ni. Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rínọlá mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó ń wo orúkọ náà lójú ẹ̀rọ, kò lè ní kí Àyàndá pa á rẹ́, kò sì lè ní kó má pa á rẹ́. Bí ọmọbìnrin náà bá pa á rẹ́, kò ní sí ibì kankan mọ́ ní Lomé tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Ọládèjì ju onítẹ̀wé lọ.

Màmá Ẹfúnróyè ti jáde láti yàrá rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó béèrè bóyá ó ṣeé tì pa láìpa orúkọ rẹ́.

Àyàndá ronú díẹ̀, ó ní ó ṣeé ṣe. Orúkọ á wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè fi í wọlé. Àmọ́ ó ní òun kò lè fi irú rẹ̀ sílẹ̀ láìní ẹni tó máa dúró fún un. Bí wọ́n bá wá bi òun lọ́la, òun ní láti kọ orúkọ ẹnì kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Ta ni kí n kọ, Màmá?”

Ẹ̀rínọlá ni Màmá wò.

“Kọ Ẹ̀rínọlá,” ni akọ̀wé náà wí. “Èmi ni mo mú un wá.”