Fáànù Tí Ìyá Mi Ń Pa

Mo rántí bí ooru ṣe máa ń mú nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pàápàá lọ́sàn-án, tí páànù orí ilé bá ti gbóná. Iná lè wà o, ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọ yàrá mi báyìí, màá gbọ́ tí ìyá mi pa fáànù tiwọn ní yàrá kejì. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú. Ṣebí àwọn èèyàn kúkú máa ń fi àwa Ìjẹ̀bú ṣe yẹ̀yẹ́ pé a mọ owó ṣọ́. Mo gbà pé ti ìyá mi, tó ń ta abọ́ àti ìkòkò lọ́jà, ló pọ̀ jù.

Gìtá ni mò ń ta nígbà náà, nínú ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin dá sílẹ̀. Bàbá mi, alájì tí kì í pa ìrun jẹ, ní ariwo lásán ni. Ìyá mi ló bá mi bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà kí gìtá náà wọlé, àmọ́ láìsí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ gìtá oníná ni. Bí a kò bá so ó mọ́ ẹ̀rọ, ohùn rẹ̀ kò ju ti yànmùyánmú lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń fi dánra wò nílé lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Wọ́n ní, "Ta á kí n gbọ́."

Mo ní, "Màámi, kò dùn báyìí. Ẹ jẹ́ n gbé ẹ̀rọ wá lọ́jọ́ tí Bàbá ò bá sí nílé."

"Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ yìí náà ti tó mi."

Mo kọ̀. Ojú ló ń tì mí. Èmi tí àwọn ọmọ yunifásítì ń pariwo fún, ṣé ohùn yànmùyánmú ni kí n gbé síwájú ìyá mi? Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ kan. Mo fòní dónìí, mo fọ̀la dọ́la, ó di ọdún méjì.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, a lọ ṣeré n'Íbàdàn. Òfin olórí ẹgbẹ́ wa ni pé kí gbogbo fóònù wọ inú àpò òun kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀. Ìgbà tí mo gba tèmi padà, àbúrò mi obìnrin ti pè mí títí. Mo pè é padà, ẹkún ló fi dá mi lóhùn. Ìyá wa ṣubú lọ́jà láàárọ̀, wọn ò sì dìde mọ́.

Mo ní, "Ẹ dúró dè mí, mo ń bọ̀."

"Bọ̀dá mi, a ti sin wọ́n. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni."

Mo mọ̀ pé àwa mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́. Nígbà tí ìyá àgbà wa kú, èmi gan-an ló ń sọ pé kí wọ́n ṣe kíá. Ìrọ̀lẹ́ ni mo délé, yẹ̀pẹ̀ sàréè ṣì tutù. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gìtá léjìká bí òmùgọ̀. Bàbá mi ò bá mi wí rárá. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúà fìdáù, èmi àti àbúrò mi ń kó ẹrù ìyá wa. Ooru mú, mo bá tan fáànù. Mo ní, "Màámi ìbá ti pa á. Ahun wọn pọ̀."

Àbúrò mi wò mí. "Ahun kẹ̀? Fáànù yẹn ń pariwo ni. Bí ẹ bá ti ń ta gìtá ni wọ́n ń pa á, wọ́n á wá fetí sí ògiri. Wọn ò ní jẹ́ kí n fọ abọ́, wọ́n á ní ọmọ àwọn ń ta gìtá."

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Ẹgbẹ́ wa ti túká tipẹ́. Àwọn àgbà ní gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Láìpẹ́ yìí, mo ní kí àbúrò mi wọ yàrá mi, kó ṣáà máa fa okùn gìtá náà bó ṣe mọ̀. Mo lọ sí yàrá ìyá mi, mo pa fáànù, mo fetí sí ògiri. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dùn báyẹn náà, Màámi.