Bàtà Tó Ń Tà, Eré Tí Kò Lè Sá

Ní ìlú Iten ní Kẹ́ńyà, lórí òkè tó ga débi pé àlejò máa ń mí hẹlẹhẹlẹ kó tó sọ ẹrù kalẹ̀, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Barno Toroitich. Bàtà eré ló ń tà. Kì í ṣe tuntun. Òkìríkà ni, èyí tí àwọn eléré ti fi sáré nílùú òyìnbó, tí wọ́n sì tà kó tó gbó tán. Barno á fọ̀ wọ́n, á fi okùn tuntun sí wọn, á tò wọ́n síwájú ìsọ̀ rẹ̀ bí eyín ṣe ń tò sẹ́nu arẹwà.

Ní Iten, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, gbogbo ọ̀nà erùpẹ̀ pupa ìlú náà ló máa ń kún fún eléré. Ọmọ àgbẹ̀ ń sáré, ọlọ́pàá ń sáré, abiyamọ ń sáré, òyìnbó tó wọkọ̀ òfurufú wá nítorí eré náà ń sáré tẹ̀lé wọn. Barno nìkan ni kì í sá. Ọmọ ẹ̀yà Keiyo pọ́ńbélé ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn bí ẹsẹ̀ lékeléke, ìdí nìyí tí àwọn àlejò fi gbà pé ọ̀gá eré kan tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ikùn rẹ̀ ì bá tú àṣírí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú òtútù ni Iten. Ẹ̀wù òtútù ló fi ń bò ó.

Oníbàárà á gbé bàtà kan dání, á ní, "Ṣé èyí dára fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè?"

Barno á fi ọwọ́ pa á lára. "Èmi pẹ̀lú irú rẹ̀ la jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Tambach lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí ìrọ̀rí ni."

Òótọ́ ni o. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí Tambach. Barno jókòó sínú mọ́tò, bàtà wà nínú àpò lẹ́yìn.

Báyìí ló ń gbé ayé rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí Chesang wá ra okùn bàtà. Ọmọbìnrin eléré ni Chesang, ó máa ń lọ díje lẹ́yìn odi, ó sì máa ń borí. Nígbà tó san owó tán, ó gbàgbé fóònù rẹ̀ sórí àga, ó sì bá eré lọ. Eré ìsinmi ni eré ọ̀hún, èyí tí àwọn eléré máa ń sá lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ líle kí iṣan lè nà. Ó lọ́ra débi pé adìẹ ojú ọ̀nà ò yẹra fún un.

Barno rí fóònù náà, ó gbé e, ó sì fi eré sí i.

"Chesang! Fóònù rẹ!"

Ìgbà tó pè é lẹ́ẹ̀kíní, ohùn rẹ̀ jáde. Lẹ́ẹ̀kejì, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Àyà rẹ̀ ń ta á bí ẹni tó fa ata símú. Eré àsápajúdé ni òun ń sá, eré ìsinmi ni ọmọbìnrin yẹn ń sá, síbẹ̀ ńṣe ni àárín wọn ń fẹ̀ sí i. Ó di ọgbà ẹlẹ́gùn-ún kan mú. Ìyá àgbà kan tó pọn kẹ́ẹ̀gì wàrà sẹ́yìn dé bá a níbẹ̀.

"Ta lò ń lé, ọmọ mi?"

Barno ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó na fóònù sókè, ó fi ẹnu júwe iwájú. Ìyá náà gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún kẹ́ẹ̀gì ṣe lẹ́yìn, ó gbẹ́sẹ̀ ṣáṣá, ó sì bá Chesang ní kọ́nà. Kò sáré rárá. Ó rìn ni.

Kó tó di alẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé ìsọ̀ oní-tíì, ibi tí àwọn ọkùnrin ń jókòó sí. Alápatà àdúgbò ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀.

"Barno, mo gbọ́ pé bàtà tó ò ń tà, ẹsẹ̀ rẹ ò gbọ́ èdè rẹ̀."

"Irọ́ ni wọ́n pa fún ọ," ni Barno wí. "Ẹsẹ̀ mi gbọ́. Ẹ̀dọ̀fóró mi ni kò lọ síléèwé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló tún ìtàn náà sọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń bù kún un: nígbà tó fi máa parí rẹ̀, ìyá náà ti gbé kẹ́ẹ̀gì méjì, ẹsẹ̀ kan ló sì fi ń tiro. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, tó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fìdí rẹmi níléèwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú bàtà tó gbówó lórí jù ní ìsọ̀ rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó sì lọ bá àwọn eléré ní oríta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n. Ẹni tó ń darí wọn ní kí wọ́n sá a líle fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n sá a jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Líle nìkan ni Barno gbọ́. Wọ́n gbéra bí ẹyẹ tó rí àṣá, ó sì bá wọn gbéra. Ó bá wọn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tó ti rí ọ̀run láìtíì wọ ilé Olúwa. Lẹ́yìn ìyẹn, inú oko ọ̀dùnkún ẹlòmíràn ló ti bá ara rẹ̀, ó nà gbalaja. Màlúù kan wá dúró tì í, ó ń jẹ àpọ̀jẹ, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Ìyàwó rẹ̀, Jemeli, ló ń tì í lẹ́yìn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Orúkọ ọmọ wọn, Kigen, tó wà níléèwé ní Eldoret, ni wọ́n fi ń pe ara wọn.

"Bàbá Kigen," ni Jemeli wí bó ṣe ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, "kí lò ń lé gan-an?"

"Ìlera."

"Ó dà? Ó bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́?"

"Ìyá Kigen, má pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí."

Jemeli tẹ ojúgun rẹ̀ dáadáa. "Nígbà tí mo wà níléèwé, olùkọ́ eré wa kì í jẹ́ ká kọ́kọ́ sá a líle. Eré tí èèyàn lè máa ròyìn bó ṣe ń sá a ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń já lẹ́nu rẹ, o ti sáré jù nìyẹn. Ó tún ní kéékèèké ni, àmọ́ kó má dáwọ́ dúró."

"Ta ni n ó máa bá ròyìn lójú ọ̀nà?"

"Ta lo fẹ́?"

Bí Jemeli ṣe di alábàárìn rẹ̀ nìyẹn. Òun náà ti fi eré ṣoge rí nígbà tó wà ní ọmọge, kó tó di pé ọmọ, adìẹ àti oko ọ̀dùnkún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ Barno fúyẹ́ tán, wọ́n jáde láàárọ̀, wọ́n sáré láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ omi, wọ́n sì padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eré náà falẹ̀ débi pé àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ń kí wọn, wọ́n ń bèèrè àlàáfíà ilé, wọ́n ń bèèrè ti màlúù, wọ́n sì ń gbọ́ èsì tán kí wọ́n tó ya ara wọn. Bí wọ́n bá dé òkè, Jemeli á ní kí wọ́n rìn. Ìyá Barno, tó ti darúgbó, tó sì ń bá wọn gbé, máa ń jókòó síta nínú oòrùn òwúrọ̀.

"Jemeli," ni ìyá náà pè lọ́jọ́ kan, "ṣé ọmọ mi ń sáré ni, àbí nǹkan rẹ̀ ló sọnù tó ń wá a?"

Ìtìjú ni ìṣòro Barno. Bó bá ti rí ènìyàn lọ́ọ̀ọ́kán, á na ọrùn, á gbé orúnkún sókè, á sì já lọ bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè lẹ́yìn odi. Bó bá ti yà ní kọ́nà, á tẹ̀ kọdọrọ mọ́ igi.

Jemeli á sì bá a níbẹ̀ pẹ̀lú eré tirẹ̀ tí kò yí padà. "Àwọn tó ò ń sá a fún ti lọ o. Ṣé ká máa sá tiwa?"

Ìṣòro kejì ni ọ̀rọ̀. Eré tí a fi ń ròyìn, ó gbọ́dọ̀ ní ìròyìn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n sọ ti adìẹ tó ń jẹ ẹyin ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n sọ ti òjò tó pẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, Barno wá inú rẹ̀ tì, kò rí nǹkan kan sọ fún obìnrin tí wọ́n ti jọ ń sun orí ibùsùn kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà ó bi í léèrè ọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tó o fi dá eré dúró nígbà yẹn?"

Jemeli ń sá lọ. "Mi ò dá a dúró. Mo ní kí n sinmi nítorí oyún. Nígbà tí mo sinmi tán, bàtà mi ti wà lẹ́sẹ̀ àbúrò mi."

Barno wo ẹsẹ̀ Jemeli. Bàtà rọ́bà ló wọ̀, èyí tó fi ń lọ sóko, tí ó ti já nídìí àtàǹpàkò, tó fi okùn so. Ìyàwó oníbàtà. Bàtà rọ́bà yìí náà ló ti fi ń bá a sáré láti oṣù kan ó lé, òun tó gbé bàtà olówó ńlá sẹ́sẹ̀, tó tún ń mí bí ẹwìrì. Ẹsẹ̀ Barno dúró fúnra rẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́?" ni Jemeli bi í. "Ọ̀rọ̀ já lẹ́nu rẹ ni?"

"Ó já," ni Barno wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó fẹ́ mú bàtà fún un ní ìsọ̀. Ọkùnrin tó lè dúró ní òdì kejì títì, kó wo àlejò lẹ́sẹ̀, kó sì sọ nọ́ńbà bàtà rẹ̀ láìṣì, kò mọ nọ́ńbà ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó bú ara rẹ̀ dáadáa. Ó ní bí wọ́n bá ń wá òmùgọ̀ tó jẹ́ ògbóǹtarìgì, kí wọ́n má wá a jìnnà. Nígbẹ̀yìn, ó kó bàtà mẹ́rin sínú àpò lọ sílé, ó tò wọ́n síwájú Jemeli bó ṣe ń tò wọ́n fún oníbàárà. Jemeli wọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò yára. Ìkẹta ló mú, aláwọ̀ omi ọsàn, ó fò nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wọ̀ ọ́ lọ fún adìẹ lóúnjẹ.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ò wọ́n wọn mọ́. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n ti padà nítorí pé ìtàn ò tíì parí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ìdí ẹ̀rọ omi di ìdí iléèwé, ìdí iléèwé di ẹ̀yìn odi ìlú. Òkè tí wọ́n ń rìn tẹ́lẹ̀, lọ́jọ́ kan wọ́n kàn rí i pé àwọn ti gùn ún tán, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ màlúù aládùúgbò. Ṣùgbọ́n orí Barno ò tíì pé. Lọ́jọ́ tí Jemeli lọ kí Kigen níléèwé, ó yọ́ lọ bá àwọn eléré oríta lẹ́ẹ̀kan sí i. Iṣan ojúgun rẹ̀ pariwo, ó sì tiro wálé. Jemeli dé, ó wo ẹsẹ̀ náà, ó wo ojú rẹ̀, ó sì lọ gbé omi kaná. Barno sinmi, ó sì padà sí eré ìròyìn bí ọmọ tí wọ́n dá padà sí kíláàsì kìíní.

Ìgbà tí òjò ńlá ti kọjá, tí wọ́n ń wa ọ̀dùnkún, Jemeli wà lóko pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́. Barno ní òun á dá sá tòun, òun á sì sá a dé Bugar, lójú ọ̀nà Eldoret, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Kabon, wà nílé ọkọ.

"Jẹ́jẹ́ o," ni Jemeli wí láti inú aporo.

"Ta ni n ó bá sọ̀rọ̀?"

"Bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti pàdé."

Ó sá a jẹ́jẹ́ lóòótọ́. Ó kí gbogbo màlúù tó bá pàdé. Nígbà tó yà wọ àgbàlá Kabon, ara rẹ̀ rin gbindin fún òógùn, erùpẹ̀ pupa sì ti kùn ún dé orúnkún, àmọ́ inú rẹ̀ dùn. Kabon ń fọ akèrègbè wàrà lọ́wọ́. Ó gbójú sókè, ó rí àbúrò rẹ̀ tó ń sáré bọ̀.

Àgbàlagbà kì í sáré lásán; bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Akèrègbè bọ́ lọ́wọ́ Kabon.

"Ó ti kú," ni Kabon wí, ó sì jókòó sílẹ̀.

"Ta ló kú?" ni Barno wí.

"Ìyá wa. Kò wá sí fóònù kan nílé yín tẹ́ ẹ lè fi pè mí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó kú. Wàrà ni mo wá mu."

"Má tàn mí. Sọ ọ́ fún mi gẹ́gẹ́ bó ṣe rí."

Igbe ti ta lágbàlá. Àwọn aládùúgbò ti ń dé, obìnrin kan ti tú gèlè kúrò lórí, ọkùnrin kan ti ń bèèrè ìgbà tí ìsìnkú máa jẹ́. Bí Barno bá ṣe ń búra tó ni wọ́n ń ṣàánú rẹ̀ tó, wọ́n ní ìbànújẹ́ ló dàrú mọ́ ọn lórí. Níkẹyìn, wọ́n fi fóònù pe Jemeli lóko, Jemeli sì sáré lọ gbé e fún ìyá àgbà.

"Mo wà láàyè," ni ohùn ìyá náà wí nínú fóònù. "Kí ni Barno tún fọ́?"

Bí ẹkún ṣe di ìbínú nìyẹn. Kabon dìde, ó gbọn eruku nù ní yẹ̀rì, ó sì lọ wo ojú ọ̀nà, ó ń wá mọ́tò tó já àbúrò rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo pọ̀n ọ́ ní kékeré," ni ó wí nígbà tí kò rí mọ́tò. "Mi ò rí i kó o sáré rí, àfi ọjọ́ tí oyin lé ọ. O wá sáré láti Iten?"

"Jẹ́jẹ́ ni mo sá a."

"Jẹ́jẹ́ lo fẹ́ fi pa mí."

Ṣùgbọ́n ó bu wàrà kíkan fún un, èyí tí wọ́n ń pè ní mursik, ó ro ùgálì, òkèlè àgbàdo wọn, ó sì se ẹ̀fọ́ sí i. Àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀ ò lọ. Wọ́n bá a jẹun. Barno jẹ, ó mu, ó tún ìtàn ara rẹ̀ sọ fún wọn láti orí ìyá oníwàrà dé orí màlúù inú oko, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Kabon lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fẹ́ dìde, ikùn rẹ̀ ò gbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbà. Ọ̀kadà ló gbé e délé.

Jemeli wà níwájú ilé, erùpẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ń da ọ̀dùnkún sínú àpò.

"Ìgbà wo lo fẹ́ tún lọ?" ni Jemeli bi í.

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ni Barno wí, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní ìdajì ìdajì. "Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù."

Ó tẹríba láti bá a di ẹnu àpò kan, kò sì lè nàró mọ́. Jemeli na ọwọ́ yí i ká, ó sì di àpò náà.